Láti Ọwọ́ Ajẹ́lẹ̀ dé Ọwọ́ Àjọ: Àṣẹ lórí Omi àti Iná ní Ìlú Ẹdẹ

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ bọ́jú. Òwe yìí kan ìlú Ẹdẹ gidigidi. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lẹ́bàá ìlú náà; odò Erinlẹ̀, tí wọ́n sé láti fi ṣe omi ẹ̀rọ, kò jìnnà sí i. Ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ aládùúgbò Ẹdẹ, ni ibùdó kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ okùn iná àpapọ̀ gbogbo Nàìjíríà tọ̀sán-tòru. Okùn iná àpapọ̀ yìí ni àwọn wáyà ńláńlá tí ó so àwọn ibi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná pọ̀ mọ́ àwọn ìlú tí ń lò ó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdẹ ni ó gbẹ́ kànga nítorí àìrí omi ẹ̀rọ, tí ó sì ń ra epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Bí a bá béèrè ohun tí ó fà á, oríṣiríṣi èsì ni ènìyàn yóò gbọ́. Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ ti gbó. Àwọn mìíràn yóò ní owó ni kò tó, tàbí pé èrò ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n pèsè sílẹ̀ lọ. Òtítọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ wọn tí àwọn ènìyàn kì í sábà tú palẹ̀: ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ta ni ó ń pinnu iye tí a ó san lórí iná? Ta ni ó ń pinnu àdúgbò tí yóò rí iná fún ogún wákàtí, àti èyí tí yóò rí i fún mẹ́rin? Bí wọ́n bá sì rẹ́ni jẹ, ọ̀dọ̀ ta ni ẹjọ́ ń lọ? Láti ọdún 2023 ni òfin ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti gba àṣẹ yìí sọ́wọ́ ara rẹ̀. Kí àwọn ará Ẹdẹ tó lè mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n retí nínú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ ọwọ́ tí àṣẹ ti wà láti àtẹ̀yìnwá. Ìyẹn ni àròkọ yìí dá lé.

Ẹdẹ lábẹ́ àwọn aláṣẹ àtijọ́

Ìtàn ìtẹ̀dó Ẹdẹ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ àṣẹ àfiránni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Aláàfin Kòrí ni ó rán ọdẹ kan tí ń jẹ́ Tìmì láti lọ máa ṣọ́ agbègbè náà, nítorí pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà. Nínú ìtàn mìíràn, èyí tí eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Aláàfin Ṣàngó ni. Tìmì ìṣáájú yìí ni wọ́n ń pè ní Àgbàlé Ọlọ́fà-iná. Ohun tí ìtàn méjèèjì fi jọra ni pé àṣẹ tí Tìmì ń lò, àṣẹ tí a fi rán an ni. Ọba tí ó rán an kò sí nítòsí. Nígbà tí agbára Tìmì wá pọ̀ sí i, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọba, ni ọba bá rán Gbọ̀nkáà sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti wà ní Ẹdẹ: ẹni tí a fi ṣọ́ ìlú, ṣé ti ẹni tí ó rán an ni yóò ṣe, tàbí ti àwọn tí ó ń ṣọ́?

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Ìbàdàn sì ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ni ó di alágbára ní gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun. Ẹdẹ wà lára àwọn ìlú tí ó bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni Ìbàdàn fi ń ṣàkóso irú ìlú bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí wọ́n rán láti máa gbé inú ìlú, kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa ròyìn ohun tí ń lọ. Èkejì ni bàbá kékeré, ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí a fi ìlú náà sí abẹ́ rẹ̀. Bí ìlú bá ní ẹjọ́, tí ìṣákọ́lẹ̀ bá wúwo jù, tàbí tí ajẹ́lẹ̀ bá ṣe àṣejù, bàbá kékeré ni wọn yóò lọ bá kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn.

Ètò yìí ní àléébù tí kò kéré. Ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí àwọn méjèèjì ni ó ń jẹ nínú owó náà. Ìwà ìrẹ́jẹ àwọn ajẹ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀, ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kíyè sí ohun kan: bí ètò náà ti burú tó, ará Ẹdẹ mọ ọ̀nà tí ẹjọ́ òun ń gbà. Ó mọ orúkọ ẹni tí yóò lọ bá, ó sì mọ agbo ilé rẹ̀.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, ìjókòó àṣẹ tún sún síwájú. Èkó àti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pinnu ibi tí ojú irin yóò gbà. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ojú irin náà sọ ìlú jí, ó fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní ọ̀nà láti gbé ẹrù wọn dé etíkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé owó ẹrù ti pọ̀ jù, kò sí bàbá kékeré kankan tí ó lè lọ bá.

Omi Erinlẹ̀

Kí omi ẹ̀rọ tó dé, odò, ìsun àti kànga ni ìlú ń mu. Odò ní olùtọ́jú. Àwòrò ń bọ ọ́, èèwọ̀ wà lórí ohun tí a kò gbọdọ̀ fọ̀ sínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì rú èèwọ̀ náà mọ àwọn tí yóò bi í léèrè. Erinlẹ̀ kì í ṣe odò lásán lójú àwọn baba ńlá. Òrìṣà ni, ọdẹ àti oníṣègùn.

Nígbà tí ìjọba sé odò Erinlẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ omi sí Ẹdẹ, kì í ṣe Ẹdẹ nìkan ni ó jàǹfààní rẹ̀. Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn ní agbègbè náà ń mu nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tí ó bá ti inú adágún wá kì í ṣe omi mímu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sílẹ̀. Wọn a sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn. Wọn a fi ohun tí ń pa kòkòrò sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò fà á gòkè lọ sínú àwọn táǹkì ńlá, kí ó lè ti ibẹ̀ ṣàn gba inú páìpù lọ sí àdúgbò. Iná mànàmáná ni ó ń mú ẹ̀rọ tí ń fa omi yìí ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ, tí kò sì sí epo fún ẹ̀rọ amúnáwá, adágún lè kún dẹ́nu kí ẹnu ẹ̀rọ àdúgbò gbẹ táútáú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ iná ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ omi ni ó ń sọ pẹ̀lú.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa omi ni pé àṣẹ lórí rẹ̀ kò fìgbà kan jìnnà tó ti iná. Ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni ó wà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976, ó bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀; láti ìgbà náà ni àṣẹ omi ti wà ní ibi tí ọkọ̀ yóò gbé ènìyàn dé láti Ẹdẹ láàárín wákàtí kan. Ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò yàn sípò gómìnà, Isiaka Adélékè, tí ó gorí àléfà ní oṣù Kìíní ọdún 1992, ọmọ Ẹdẹ ni. Síbẹ̀, ìsúnmọ́tòsí yìí kò sọ omi ẹ̀rọ di ohun tí ilé gbogbo lè gbára lé. Páìpù àtijọ́ ń bẹ́, ìlú ń gbòòrò kọjá ibi tí páìpù dé, owó omi kò tó ná, iná sì ń ṣe ségesège. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń pèsè omi ni ó tún ń ṣọ́ ara rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí ẹni kẹta tí ń bi í pé: omi mélòó ni o ṣe, mélòó ni ó dé ilé, níbo ni ìyókù gbà?

Iná mànàmáná: láti Èkó dé Kainji

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tan iná mànàmáná ní Èkó. Fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó ní iná, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó ń lò; ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni ó ń bójú tó o. Òfin ọdún 1950 ni ó kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ECN. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ láti sé odò Ọya ní Kainji, ìsédò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin ọdún mẹ́wàá yẹn. Láti Kainji ni wáyà ńlá ti gba Jẹ́bà wá sí Òṣogbo, láti Òṣogbo ni ó sì ti pínyà lọ sí Ìbàdàn, Èkó àti Bìní. Ìdí nìyí tí Òṣogbo fi di oríta iná Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n pa ECN àti àjọ ìsédò náà pọ̀, tí wọ́n sì sọ wọ́n di NEPA.

Ẹni tí ó bá dé iwájú olú ilé-iṣẹ́ náà ní Marina ní Èkó yóò rí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní ọdún 1964. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi yan Ṣàngó, nítorí òun ni ó ni ààrá àti mànàmáná. Ṣùgbọ́n ọba tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ni Ṣàngó nínú ìtàn, NEPA pẹ̀lú sì ṣe bí i tirẹ̀ ní ọ̀nà yìí. NEPA ni ó ń pèsè iná, òun ni ó ń gbé e kiri, òun ni ó ń tà á, òun ni ó ń ka mítà, òun ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ó bá ní wọ́n ka mítà òun ní àkàṣì. Iye owó iná, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá ní mítà, iye tí wọ́n bá fi ojú bù fún un ni yóò san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò gun òpó, wọn yóò já wáyà rẹ̀. Àgbà òṣìkà ni àwọn Yorùbá ń pe ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Bí olùtajà bá wá di adájọ́ lórí ọjà ara rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni yóò máa gbọ́ títí.

Òfin ọdún 2005 àti ọ̀nà tuntun

Ní oṣù Kẹta ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tí ó tú NEPA ká. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di PHCN, lẹ́yìn náà ni wọ́n pín in sí ilé-iṣẹ́ 18: mẹ́fà fún pípèsè iná, ọ̀kan fún gbígbé e kiri lórí wáyà ńlá, mọ́kànlá fún pípín in fún àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjọba mú ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún dání. Ilé-iṣẹ́ wáyà ńlá kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú òfin náà, fún ọ̀rọ̀ tí a ń tú yìí, ni àjọ tí ó dá sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NERC. Àjọ yìí kì í ta iná, kì í sì í pèsè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún àwọn tí ń ta iná ní ìwé àṣẹ, láti ṣírò iye tí wọ́n lè gbà, àti láti gbọ́ ẹjọ́ láàárín olùtajà àti oníbàárà. Òfin náà ní kí àjọ yìí tó fọwọ́ sí ọ̀nà tí yóò fi ṣírò owó iná, ó gbọdọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ó sì fún àwọn ènìyàn ní àkókò láti sọ tẹnu wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òfin Nàìjíríà ya olùtajà iná sọ́tọ̀ kúrò lára adájọ́. Ní ọdún 2018 àjọ náà ṣe ètò kí àwọn aládàáni lè máa pèsè mítà. Ní oṣù Kejì ọdún 2020 ó fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè fi ojú bù fún ẹni tí kò ní mítà. Síbẹ̀, ní òpin ọdún 2024, àwọn oníbàárà tí ó ní mítà ní gbogbo Nàìjíríà kò tíì pé ìdajì.

Níbo ni Ẹdẹ wà nínú ètò yìí? Ilé-iṣẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni wọ́n fi Ọ̀ṣun sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀yọ́, Ògùn, Kwara àti apá kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Àbújá sì ni ìjókòó NERC. Ìyá tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Ẹdẹ, bí ó bá ní ẹjọ́, yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí NERC yàn fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kàn Àbújá. Ọ̀nà Ìbàdàn tí àwọn baba ńlá rẹ̀ tọ̀ lọ bá bàbá kékeré ni òun náà ń tọ̀, ṣùgbọ́n ó tún gùn ju tiwọn lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ ní ìdí rẹ̀.

Ìpele A àti ìnira owó iná

Ní ọdún 2020 ni NERC pín àwọn oníbàárà sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí iná yóò fi wà lójúmọ́: ìpele A yóò rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán, B fún mẹ́rìndínlógún, C fún méjìlá, D fún mẹ́jọ, E fún mẹ́rin. Ẹni tí ó bá rí púpọ̀ ni yóò san púpọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àjọ náà kéde pé owó yúnìtì kan fún ìpele A yóò kúrò ní nǹkan bí ₦68, yóò sì di ₦225. Ó ní àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ju ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà lọ, àti pé ìjọba kò ní lè máa san ìyókù owó náà fún wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni iye náà rẹlẹ̀ díẹ̀, tí ó ń lọ sókè sódò ní òkè ₦200.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ẹ̀rọ ìlọta kan bá ń jẹ yúnìtì mẹ́rin ní wákàtí kan, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ogún yúnìtì ni lójúmọ́. Ní ₦68, owó iná ọjọ́ náà jẹ́ ₦1,360. Ní ₦225, ó di ₦4,500. Alágbẹ̀dẹ òde òní tí ń fi iná jó irin, aránṣọ, onígerun, ẹni tí ń ta ẹja inú yìnyín, gbogbo wọn ni ó ní ìṣirò tiwọn. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Àbújá ní òwúrọ̀ lè sọ iye tí wọn yóò lọ ata ní Ẹdẹ ní ìrọ̀lẹ́.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti ẹnì kejì pẹ̀lú. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdó iná ń lò, dọ́là ni wọ́n sì fi ń díye lé e. Bí náírà bá já wálẹ̀, owó iná kò lè dúró sí ojú kan láìjẹ́ pé ẹnì kan ń san ìyàtọ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá san án, ẹni tí ń pèsè iná yóò jẹ gbèsè, ẹni tí ń ta gáàsì yóò sé e, iná yóò sì lọ. Àjọ tí ó bá sọ owó iná di pọ́ọ́kú nítorí ìyìn àwọn ènìyàn lè mú òkùnkùn bá àwọn ènìyàn kan náà.

Òfin ọdún 2023: àṣẹ sún mọ́lé

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin lórí iná, ṣùgbọ́n ibi tí okùn iná àpapọ̀ kò dé nìkan ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó mú ìdíwọ́ yìí kúrò. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná tuntun. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba àṣẹ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin tirẹ̀, kí ó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kọ̀wé sí NERC. NERC yóò wá fa àmójútó iná inú ìpínlẹ̀ náà lé àjọ tuntun lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná níbẹ̀ yóò dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2024 ni NERC bẹ̀rẹ̀ sí í fa àṣẹ yìí lélẹ̀. Enugu, Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Enugu jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni àjọ ìpínlẹ̀ náà yẹ ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún wọn wò, ó sì dín owó yúnìtì kan fún ìpele A kù láti nǹkan bí ₦209 sí nǹkan bí ₦160. Àwọn oníbàárà yọ̀. Àwọn tí ń ta iná fi ẹ̀hónú hàn pé iye náà kò tó owó tí àwọn fi ń ra iná láti orí okùn àpapọ̀. NERC pẹ̀lú ní àjọ ìpínlẹ̀ kò ní àṣẹ lórí iye tí ibùdó iná ń gbà àti owó wáyà ńlá. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, àjọ tí ó wà nítòsí lè yẹ ìwé wò fínnífínní ju èyí tí ó ń ṣọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Èkejì, agbára rẹ̀ ní ààlà: kò lè pàṣẹ fún gáàsì, kò sì lè ní kí okùn iná àpapọ̀ má dákú bí ó ti dákú lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024. Bí Òṣogbo tilẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ okùn náà, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó ni ín.

Ohun tí ìtàn fi hàn

Ẹni tí ó bá to ìtàn omi àti ìtàn iná sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí ohun kan kedere. Nínú ìtàn iná, àṣẹ jìnnà, ìnira sì pọ̀. Nínú ìtàn omi, àṣẹ sún mọ́lé láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n ìnira kò tán. Nítorí náà, ìsúnmọ́tòsí àṣẹ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni oògùn. Ẹni tí ó bá ń polówó pé bí àṣẹ iná bá ti dé Òṣogbo gbogbo rẹ̀ parí, kò tíì ka ìtàn omi Erinlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ìtàn fi kọ́ni pé ó yẹ kí a fi díwọ̀n àjọ yòówù tí yóò máa pinnu ọ̀rọ̀ iná Ẹdẹ, yálà Àbújá ni ó jókòó sí tàbí Òṣogbo.

Èkíní ni pé kí olùtajà má jẹ́ adájọ́, kí ẹni tí ń yan adájọ́ má sì lè yọ ọ́ nípò nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn. Èyí ni ajẹ́lẹ̀ àti bàbá kékeré kò ní. Òun ni NEPA kò ní. Òun ni ilé-iṣẹ́ omi kò ní. Àjọ tí gómìnà lè fi ọwọ́ yí bí ó bá ti wù ú kò sàn ju àjọ tí ó wà lókèèrè lọ.

Èkejì ni pé kí ọ̀nà ẹjọ́ kúrú, kí ó sì ní gbèdéke. Aránṣọ tí wọ́n já wáyà rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé kò lè dúró de ìdájọ́ oṣù mẹ́fà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò ti gbé aṣọ wọn lọ sí ibòmíràn. Kí a mọ ọ́fíìsì tí ẹjọ́ ń lọ ní Ẹdẹ gan-an, kí a mọ iye ọjọ́ tí èsì yóò fi dé, kí èsì náà sì sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá jù, ni èdè. Òfin ní kí wọ́n kéde kí wọ́n tó yí owó iná padà. Ṣùgbọ́n ìkéde tí ìyá ọlọ́ta kò gbọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò ṣe. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba ní Ẹdẹ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ ọba tí ó ń lu dùndún fúnra rẹ̀, tí ó sì ṣàlàyé èdè ìlù fún àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó mọ̀ pé ìlù tí kò sọ̀rọ̀ yé ará ìlú, ariwo lásán ni. Kò sí ìdí kan tí a kò fi lè ṣàlàyé ìpele, yúnìtì, owó àfojúbù àti ọ̀nà ẹjọ́ ní Yorùbá tí ó já gaara, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ọjà, kí a sì kà á lórí rédíò. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ́ àwọn ọmọ ní irú èdè yìí, wọn yóò lè ka ìwé owó iná fún ìyá wọn, wọn yóò sì lè bá a kọ ìwé ẹ̀sùn.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ọwọ́ Tìmì ìṣáájú dé ọwọ́ àjọ òde òní, ọ̀pọ̀ aláṣẹ ni ó ti kọjá lórí Ẹdẹ: Aláàfin, Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì, ECN, NEPA, NERC. Àwọn kan wà nítòsí, àwọn kan jìnnà. Gbogbo wọn ni ó gba owó. Ìyàtọ̀ láàárín wọn ni bí ará ìlú ti ráyè tó láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Òfin ọdún 2023 ti ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn ará Ẹdẹ ni láti máa ka ìkéde, láti lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó pinnu iye, àti láti máa bi àwọn tí ó dìbò fún ní ìbéèrè kan náà tí ìtàn omi Erinlẹ̀ fi sílẹ̀: mélòó ni ẹ ṣe, mélòó ni ó dé ilé, níbo ni ìyókù gbà?